Géèmù wo ló ta yọ jù láàárín 2010 sí 2019? Èmi àti àbúrò mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Àtẹ̀wé Ṣómólú:
Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín. Ọdún 2010 ni mo wọ ìkọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé níbí ní Ṣómólú, kí n tó ṣe fíríídọ̀mù, kí n tó dá dúró, kí n tó rówó ra ẹ̀rọ tèmi, ọdún mẹ́wàá ti lọ. PS2 (PlayStation 2) la ṣì ń gbá ládùúgbò nígbà tí mo wọṣẹ́. Gbogbo géèmù táwọn ẹgbẹ́ mi gbá látìgbà yẹn, ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa ń wò ó, tí ọ̀gá bá rán mi lọ gé bébà màá dúró níwájú ilé géèmù fún ìṣẹ́jú méjì, màá yọjú wo tẹlifíṣàn wọn, màá tún gbé ẹrù mi màá lọ.

Ní báyìí mo ti ra PS4 tòkunbọ̀, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, 500GB, páàdì kan ṣoṣo tá a fi ń gbá a ló bá a wá, ìkejì á di ìparí oṣù. Àbúrò mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sọ́dọ̀ mi láti ilé wa ní Bàrígà, ó ti kọ WAEC tán, ọmọ ọdún 17. Kò sí ìjà láàárín wa o, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó fi ń dàgbà, mi ò sí nílé, tá a bá jókòó báyìí kálukú á máa wo fóònù ẹ̀ ni. Mo fẹ́ ká jọ máa gbá nǹkan kan. Owó ọwọ́ mi ò ju géèmù mẹ́rin lọ, ìyẹn gan-an tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló dára jù nínú ohun tó jáde láàárín ọdún mẹ́wàá tí mo pàdánù yẹn? Ẹ má kàn dárúkọ, ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún mi.

Bọ̀dá Oní-Géèmù Bàrígà:
Àtẹ̀wé, ẹ kú oríire, ẹ kú ìnáwó. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe ilé géèmù ní Bàrígà, torí náà ohun tí ojú mi rí ni màá sọ. Bọ́ọ̀lù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹni tó bá ní nǹkan mìíràn ló dára jù, kó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi lọ́jọ́ Sátidé kó wo ohun tí wọ́n ń sanwó sí.

Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan nínú ọdún mẹ́wàá yẹn, PES 2013 ni, géèmù bọ́ọ̀lù ilé iṣẹ́ Konami, tí Ronaldo wà níwájú páálí ẹ̀. Konami fi ìṣesí àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù sínú ẹ̀, Ronaldo ń sáré bíi Ronaldo gan-an, ẹ ò nílò láti wo orúkọ tó wà lókè orí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé òun ni. Àkókò yẹn náà ni FIFA 13, géèmù bọ́ọ̀lù tó ń bá PES du ọjà, jáde tí bọ́ọ̀lù ò lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ mọ́, tẹ́ ẹ bá gbà á láìfarabalẹ̀ ó ti lọ nìyẹn. Kó tó dìgbà yẹn, FIFA 12 ti yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dènà padà, ẹni tó ti mọ́ lára kó kàn tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ kí ẹ̀yìn ẹ̀ máa lé bọ́ọ̀lù kiri, kò ṣeé ṣe mọ́, o gbọ́dọ̀ dúró, kó o wo ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀, kó o tó yọ ẹsẹ̀ sí i. Wọ́n fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹnì kan á ní kí n dá a padà sí ti àtijọ́, ẹnìkejì á ní kò jọ ọ́, wọ́n á fi ìṣẹ́jú márùn-ún jà kí wọ́n tó gbá ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n PES 2013 ò sí lórí PS4, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tà á fún yín. FIFA 19 ni kẹ́ ẹ rà, ọdún yẹn ni Champions League kúrò lọ́wọ́ Konami bọ́ sí ti FIFA, síìdì ẹ̀ ò sì wọ́n mọ́. Tẹ́ ẹ bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín, ẹ ò nílò dátà kankan láti gbá a. Tí àbúrò ò bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, Mortal Kombat X ti 2015, géèmù ìjà ni.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà:
GTA V (Grand Theft Auto)! Kí lẹ tún ń wá kiri? Oṣù kẹsàn-án 2013 ló jáde lórí PS3, ó pa bílíọ̀nù kan dọ́là láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó tún dé PS4 ní 2014, ó tún dé PS5 ní 2022, géèmù kan náà o. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé ọkùnrin mẹ́ta lẹ máa gbá, Michael, Franklin àti Trevor, ẹ lè fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ bá èkejì nígbàkigbà, ẹ ó sì bá a lẹ́nu nǹkan tó ń ṣe láìsí yín, Michael lè máa bá ìyàwó ẹ̀ jà, Trevor á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dìde nílẹ̀ níbi tí ọtí gbé e dà sí. Ayé wọn ò dúró dè yín. Tí mo bá ti ọjà dé tí ara mi ti rọ, mi ò ní ṣe iṣẹ́ kankan nínú ẹ̀, màá kàn wọ mọ́tò, màá tan rédíò, màá máa wà á lọ ní etí òkun wọn, títì tí kò ní sún kẹrẹ fà kẹrẹ, ọkàn mi á balẹ̀.

Àǹtí Èbúté-Mẹ́ta:
Ọmọ Ìdúmọ̀tà, mo gbọ́ yín, mi ò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n 18 ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀, ọmọ ọdún 17 ni àbúrò yìí. Ibì kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ti ń dá ọkùnrin kan lóró lórí àga, ẹni tó mú páàdì dání ló máa yan irinṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó bá fẹ́ gbá a pẹ̀lú àbúrò ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣáájú, kó má jẹ́ ibẹ̀ ni ojú á ti máa tì wọ́n.

Minecraft ni mo dìbò fún. Markus Persson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 2011 ni wọ́n ní ó ti pé, Microsoft sì ra ilé iṣẹ́ ẹ̀ ní bílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là ní 2014. Kò sí géèmù tó tà tó o láyé, wọ́n kéde ní 2023 pé ó ti lé ní mílíọ̀nù 300. Ẹ ó kọ́kọ́ wò ó, ẹ ó ní kí ni gbogbo bíríkì onígun mẹ́rin wọ̀nyí, bí ohun tí ọmọdé yà ló rí. Àwọn ọmọkùnrin mi méjèèjì gbá a lọ́jọ́ kan títí ilẹ̀ fi ṣú, mo lọ bá wọn kí n lọ pa á, ni mo bá agbo ilé ìyá mi ní Ìjẹ̀bú lórí tẹlifíṣàn. Wọ́n ti kọ́ ọ tán. Kànga wà níbi tó wà gan-an, ilé ìdáná wà lẹ́yìn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gùn yẹn wà níbẹ̀, kódà wọ́n fi àyè sílẹ̀ níbi tí ògiri ti wó tí a ò tíì mọ ọ́n padà. Wọ́n ti ta ilé yẹn lọ́dún tó ṣáájú. Mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n mú mi rìn yí ilé ká.

Lórí PS4, ẹ lè pín ojú tẹlifíṣàn sí méjì kẹ́ ẹ jọ máa kọ́lé, ṣùgbọ́n ẹ nílò páàdì méjì.

Ọmọ Àgége:
Dark Souls, 2011. Bloodborne, 2015. Ilé iṣẹ́ kan náà ní Jàpáánù, FromSoftware. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní sùúrù bíi géèmù yìí.

Bọ̀dá Oní-Géèmù Bàrígà:
Ọmọ Àgége, òótọ́ lẹ sọ ṣùgbọ́n ẹ má kó bá ẹni tí ò tíì di páàdì mú láti 2010. Ọ̀gá ọ̀tá àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pàdé nínú Bloodborne á pa wọ́n nígbà ogún, àbúrò á dìde á lọ sùn.

Sisí Yábàá:
Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Bọ̀dá Oní-Géèmù, ẹ má bínú sí mi o, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sanwó sí lórí bẹ́ǹṣì yàtọ̀ sí ohun tó dára jù. Lórí bẹ́ǹṣì, ìṣẹ́jú mẹ́fà lẹ ní, ẹni tó wà lẹ́yìn yín ti ń mí sí yín lọ́rùn, géèmù tí ìtàn ẹ̀ gba ọgọ́rùn-ún wákàtí báwo ló ṣe fẹ́ wọlé níbẹ̀? Àwa ọmọbìnrin gan-an, wọn kì í jẹ́ ká jókòó. Ilé géèmù kan wà ládùúgbò wa nígbà tí mo wà ní SS1, mo mú owó mi dání, mo dúró láti agogo mẹ́rin títí di mẹ́fà, gbogbo ìgbà tó bá kàn mí wọ́n á ní kí n jẹ́ kí ọmọkùnrin kan gbá a ná. Mo gbé owó mi padà sílé. Inú mi ò dùn síbẹ̀ dòní. Torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ géèmù tí èèyàn ń dá gbá nílé.

Èyí tí mo fẹ́ dárúkọ ni The Witcher 3. Àwọn ará Pólàńdì ló ṣe é, CD Projekt Red, oṣù karùn-ún 2015 ló jáde, òun náà ló sì gba àmì ẹ̀yẹ géèmù ọdún yẹn ní The Game Awards. Geralt lẹ máa gbá, ọdẹ ni, iwin àti ẹranko burúkú ló ń pa gba owó. Àwa tá a dàgbà sínú ìtàn ọdẹ àti iwin, kò ní ṣòro fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibì kan. Baálẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bloody Baron, ọ̀mùtí ni, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọbìnrin ẹ̀ sá kúrò nílé, ó ní kẹ́ ẹ bá òun wá wọn. Ẹ ó máa wá wọn lọ lẹ ó wá rí i pé òun ló ń lu ìyàwó, pé lẹ́yìn ìjà òru ọjọ́ kan oyún bàjẹ́ lára obìnrin yẹn, pé wọn ò sin ọmọ yẹn bó ṣe yẹ, wọn ò sì sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ yẹn ti di iwin tó ń jáde lóru. Ẹ lè ní kí Geralt pa á. Ẹ sì lè ní kí bàbá ẹ̀ gbé e mọ́ àyà lọ sílé, pẹ̀lú bó ṣe burẹ́wà tó, kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà, kí bàbá fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, kí wọ́n sin ín síbẹ̀, kó di ẹ̀mí tó ń ṣọ́ ilé. Èmi tí ìyá mi máa ń sọ fún pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, nígbà tí ọkùnrin yẹn dárúkọ, mo gbé páàdì sílẹ̀ mo sunkún. Àwọn tó kọ ọ́ ò mọ̀ wá rí, ẹ wá wò ó bó ṣe bá wa mu tó.

Bọ̀dá Oní-Géèmù Bàrígà:
Sisí Yábàá, ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti rí irú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò sì sọ̀rọ̀. Ẹ̀bi mi ni. Láti ọ̀la lọ, bí èèyàn bá ṣe dé ni màá máa kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé, ọkùnrin o obìnrin o, ẹni tó kàn ló kàn.

Alátùn-únṣe Ìkẹjà:
Kẹ́ ẹ tó ra géèmù ẹyọ kan, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn, iṣẹ́ mi ni, ní Computer Village. Àkọ́kọ́, ṣé ẹ ti tan PS4 yẹn fún wákàtí kan gbáko? Tí fáànù ẹ̀ bá ń dún bíi jẹnẹrétọ̀ kékeré, eruku ló kún inú ẹ̀, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kó tú u, kó gbọ̀n ọ́n, kó pààrọ̀ òróró tó máa ń wà lórí ọpọlọ ẹ̀, kò gbowó púpọ̀. Ẹ wo páàdì náà, ẹ gbé e kalẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, tí èèyàn inú géèmù bá ń dá rìn, ánálọ́ọ̀gì ẹ̀, ọ̀pá kékeré tí àtàǹpàkò ń tì yẹn, ti ń lọ nìyẹn. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń pa ẹ̀rọ yìí jù ní ìlú wa, tí iná bá lọ nígbà tó ń kọ nǹkan sínú, tẹ́ ẹ bá tún tàn án á sọ fún yín pé ẹ ò pa òun bó ṣe yẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí yẹ inú ara ẹ̀ wò, ìyẹn lẹ́ẹ̀kan ò burú, tó bá di ojoojúmọ́ ibi tó ń kó nǹkan sí á bàjẹ́. Ẹ wá UPS kékeré, bátìrì tó máa ń gbé iná dúró fúngbà díẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún tó máa fún yín ti tó láti pa á jẹ́jẹ́.

Síìdì ni kẹ́ ẹ máa rà. Èyí tẹ́ ẹ bá dáńlóòdù, ẹ ò lè tà á, ẹ ò lè fi pààrọ̀, síìdì ni èèyàn máa ń gbá tán tá á fi owó díẹ̀ lé e tá á gba òmíràn. Ẹ má sì rò pé síìdì ò ní gba àyè o, gbogbo ẹ̀ ló máa wọ inú ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó gbá a, síìdì náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀. Red Dead Redemption 2 jẹ́ síìdì méjì nínú páálí kan, ọ̀kan fún kíkó sínú ẹ̀rọ, ọ̀kan fún gbígbá, ó sì ń jẹ àyè tó lé ní 100GB. Lórí 500GB yín, irú ẹ̀ mélòó kan ti tó láti kún un. Tẹ́ ẹ bá ra èyí tí wọ́n ti lò, ẹ ka síìdì inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, oníbàárà mi kan ra páálí ẹ̀ pẹ̀lú síìdì kan ṣoṣo, ẹkún ló sun délé.

Ọmọ Ọ̀ṣòdì:
Mo rí i pé gbogbo yín ń sọ ti ẹ̀rọ ńlá. Ẹ má gbàgbé fóònù o. Nínú mọ́tò tó dúró sójú kan lórí Third Mainland láti agogo márùn-ún títí di mẹ́jọ, kí là ń gbá? Temple Run, 2011, ọkọ àti ìyàwó ló bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Subway Surfers, 2012, láti Denmark, òun ni géèmù àkọ́kọ́ tí wọ́n dáńlóòdù ju bílíọ̀nù kan lọ lórí Google Play, 2018 nìyẹn. Flappy Bird tí ọmọ Vietnam kan dá ṣe, tó fúnra ẹ̀ yọ ọ́ kúrò ní oṣù kejì 2014 nígbà tí gbogbo ayé ń gbá a lọ́wọ́. Àwọn ọmọ Èkó náà ṣe tiwọn, Maliyo bẹ̀rẹ̀ ní 2012, wọ́n gbé ọ̀kadà wa sínú géèmù. Tá a bá ń ka ohun tí àwa gan-an fi ọwọ́ gbá ní ọdún mẹ́wàá yẹn, fóònù ló pọ̀ jù. Ìyá mi ò mọ PlayStation, ṣùgbọ́n ó gbá Candy Crush dé ibi tí mi ò lè dé.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èèyàn méjì ni Àtẹ̀wé ń wá géèmù fún, orí fóònù kálukú ni wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá bi àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé nípa géèmù, ọ̀pọ̀ wọn á ní Zelda tí wọ́n ń pè ní Breath of the Wild, oṣù kẹta 2017. Mo gbá a lọ́wọ́ ìbátan mi kan, wọn ò parọ́, òkè tẹ́ ẹ bá rí lókèèrè ẹ lè gùn ún dé orí ẹ̀, ẹ ó kàn máa wo agbára yín kó má tán lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Nintendo nìkan ló wà fún, kò lè ran ẹni tó ra PS4 lọ́wọ́.

Nínú èyí tẹ́ ẹ lè gbá, ọkàn mi pín sí méjì. Red Dead 2, oṣù kẹwàá 2018, Arthur Morgan, ọmọ ẹgbẹ́ adigunjalè ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1899. Irùngbọ̀n ẹ̀ ń hù, ẹ gbọ́dọ̀ fá a, ẹṣin ẹ̀ ń dọ̀tí, ẹ gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ gbọ́dọ̀ bọ́ ọ. Àwọn kan ní ó lọ́ra. Ó lọ́ra lóòótọ́, èmi ló dùn mọ́. Ìkejì ni God of War, oṣù kẹrin 2018, òun ló gba àmì ẹ̀yẹ géèmù ọdún yẹn ní The Game Awards. Kratos àti ọmọ ẹ̀ gbé eérú ìyá ọmọ náà lọ sórí òkè tó ga jù, kámẹ́rà ò sì gé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bíi pé ẹ ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn ni. Bàbá yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ọmọ náà pa àgbọ̀nrín, inú ẹ̀ bàjẹ́, bàbá na ọwọ́ kó fi kàn án léjìká, ọwọ́ yẹn dé ìdajì ọ̀nà ó tún fà á padà. Ọ̀pọ̀ wa ni bàbá wa ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Àtẹ̀wé, mo rò pé èyí ni tiyín.

Àtẹ̀wé Ṣómólú:
Ẹ ṣé gan-an, Olódùmarè á gbọ́ tiyín náà. Mo ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣòro mi ni pé páàdì kan ló wà nílẹ̀ títí oṣù á fi parí, FIFA ò ṣeé dá gbá pẹ̀lú èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, God of War sì jẹ́ ti ẹnì kan. Ṣé ká kàn máa pààrọ̀ ni?

Sisí Yábàá:
Ẹ dúró ná. Páàdì kan, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò? Mo mọ géèmù tẹ́ ẹ fẹ́. Brothers: A Tale of Two Sons. 2013 ló jáde, ó dé PS4 ní 2015, Josef Fares ló darí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni, bàbá wọn ń ṣàìsàn, wọ́n ń wá omi tí wọ́n máa fi wò ó sàn. Ánálọ́ọ̀gì ọwọ́ òsì àti bọ́tìnì L2 ni ẹ̀gbọ́n, ti ọwọ́ ọ̀tún àti R2 ni àbúrò. Èèyàn kan ni wọ́n ṣe é fún, kí ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì máa ṣe iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí páàdì kejì wa bàjẹ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin di ẹyọ kan mú láàárín ara wa, òun mú òsì, èmi mú ọ̀tún, a gbá a tán lálẹ́ ọjọ́ kan. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni. Ẹ̀gbọ́n ni kó mú òsì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ òpin ẹ̀ fún yín.

Tí páàdì kejì bá ti dé, A Way Out ni kẹ́ ẹ rà, 2018, Josef Fares kan náà, òun ò ṣeé dá gbá rárá, bí èèyàn kejì ò bá sí kò ní bẹ̀rẹ̀.

Alátùn-únṣe Ìkẹjà:
Mi ò gbọ́ orúkọ Brothers yẹn rí. Tó bá jẹ́ wákàtí mẹ́ta, kò lè wúwo, ẹ lè dáńlóòdù ẹ̀ lóru tí dátà bá rọjú.

Àtẹ̀wé Ṣómólú:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo ra FIFA 19 àti God of War ní síìdì, a dáńlóòdù Brothers, A Way Out ń dúró de páàdì. Lọ́jọ́ Jímọ̀ a gbé tẹlifíṣàn sórí àpótí, a jókòó sórí mátírẹ́ẹ̀sì, páàdì wà láàárín wa, mo di òsì mú, ó di ọ̀tún mú. Èdè tí wọ́n ń sọ nínú ẹ̀ kì í ṣe èdè ẹnikẹ́ni, torí náà a ò lè kà, a ò lè gbọ́, àwa fúnra wa la ń sọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n gbé bàbá wọn sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ tì í, mo ń lọ sápá ibí, ó ń lọ sápá ọ̀hún, kẹ̀kẹ́ ò rìn. Ó ní “Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n kà á, ẹyọ kan, méjì.” Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pàṣẹ fún mi nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ rìn.

Iná lọ nígbà tá a dé ibi tí òkú àwọn òmìrán wà nílẹ̀ káàkiri. A jókòó nínú òkùnkùn. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ni. Ó ní nígbà tí òun wà ní prámárì, tí ìyá wa bá rán òun wá sí apá Ṣómólú, òun máa ń gba iwájú ilé ìtẹ̀wé ọ̀gá mi, òun á dúró lódìkejì títì, òun á máa wò mí bí mo ṣe ń gé bébà, òun á padà sílé. Mo ní kí ló dé tí kò pè mí. Ó ní ọ̀gá mi wà níbẹ̀, òun ò fẹ́ kí wọ́n bá mi wí. Mi ò mọ̀ rárá.

Ẹni tí ò bá tíì gbá a kó fo ibí yìí. Ẹ̀gbọ́n yẹn kú. Ánálọ́ọ̀gì ọwọ́ mi kú pẹ̀lú ẹ̀, mo ń tì í, kò ṣe nǹkan kan, ó ku àbúrò mi nìkan tó ń rìn. Lẹ́yìn náà ó dé etí omi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọmọ yẹn ò lè wẹ̀, ìyá wọn ló kú sómi, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló máa ń dì mú. Àbúrò mi tẹ R2 títí, ọmọ ò gbà. Ó wò mí. Ó ní “Ẹ tẹ tiyín wò.” Mo tẹ L2, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀. Mi ò jẹ́ kó rí ojú mi, òun náà ò jẹ́ kí n rí tiẹ̀.

Sisí Yábàá, ẹ ṣé. Bọ̀dá Oní-Géèmù, FIFA yín ń lọ dáadáa, a ń pààrọ̀ páàdì fi gbá kọ̀ǹpútà, òun ló ń bá mi dènà lẹ́nu. A ò tíì fọwọ́ kan God of War. Lálẹ́ àná mo ka ọ̀rọ̀ baálẹ̀ ọ̀mùtí yẹn fún un, ó ní Witcher 3 yẹn ló kàn, òun fẹ́ gbọ́ orúkọ tí bàbá yẹn sọ ọmọ náà. Ta ló ní síìdì Witcher 3 nítòsí Fádéyí tàbí Jíbówú tó máa fẹ́ gba God of War ná? Tó bá ti lé ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ ó bá wa nílé, àwa méjèèjì.